Ewé Ọbẹ̀ Ìyá Ìkókó

Ní Adó-Èkìtì, efinrin ni àwọn ìyá wa fi ń se ọbẹ̀ gbígbóná fún ìyá ìkókó, kí inú rẹ̀ lè mọ́. Àwọn ará Íńdíà náà ní ìbátan rẹ̀, tulsi, nínú oògùn ìbílẹ̀ wọn. Thymol, èròjà tó wọ́pọ̀ nínú òróró efinrin, a máa pa kòkòrò àrùn. Nítorí náà, n kò ní pe ọbẹ̀ yìí ní àṣà òpè. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lẹ́yìn ìbímọ, èyí tí ń pa ọ̀pọ̀ abiyamọ lágbàáyé, ọ̀rọ̀ ti kọjá ọbẹ̀. Ilé ìwòsàn ló kàn. Ìyá àgbà tó mọ ibi tí agbára ewé pin sí ni mo kà sí adáhunṣe tòótọ́.