Máàkì Owó Onírin

Èmi tí mo ń kọ kóòdù jẹun, ohun tí mo mọ̀ ni pé tí o bá fún kọ̀ǹpútà ní nǹkan kan náà lẹ́ẹ̀mejì, èsì kan náà ló yẹ kó gbé jáde. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ PCGS àti NGC ò fi tètè yé mi. Ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà ni wọ́n, ti 1986 àti 1987. Wọ́n á yẹ owó onírin rẹ wò, wọ́n á fún un ní máàkì láti 1 dé 70, wọ́n á sì tì í mọ́ inú ike.

Kí ló dé tó fi jẹ́ 70? William Sheldon ló gbé e kalẹ̀ ní 1949 fún sẹ́ǹtì bàbà àtijọ́: èyí tó gba 70 yẹ kó tó ìlọ́po 70 iye èyí tó gba 1. Ọjà ti yí padà tipẹ́, nọ́ḿbà ò kúrò.

Ojú ènìyàn ni òṣùwọ̀n. Ó kéré tán, ẹni méjì á wò ó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ṣé ó họ, ṣé dídán tó bá jáde lábẹ́ ẹ̀rọ ṣì wà? Èyí tí wọ́n bá fọ̀ kì í sábà gba nọ́ḿbà, "Details" ni wọ́n á kọ sí i. Ẹ̀gbọ́n mi ní ká fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ kọ́bọ̀ oníhò 1936 tí ìyá wa àgbà fi sílẹ̀. Mo ní ó tì o!

Láàárín 64 sí 65, owó gidi lè wà níbẹ̀. Làwọn kan bá ń fọ́ ike, wọ́n á tún fi owó kan náà ránṣẹ́, nígbà míì máàkì á gòkè. Níbi iṣẹ́ wa, bọ́ọ̀gì nìyẹn. Lójú tèmi, ìdájọ́ ni, wọ́n kàn kọ ọ́ bí ìwọ̀n kílò ni. Kọ́bọ̀ ìyá àgbà ò lọ síbì kankan.