Orúkọ Tí Ó Yẹ Ọmọ

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Nínú ilé tiwa, odi ni àwọn ènìyàn ń pe ọmọkùnrin ẹ̀gbọ́n mi nígbà tí ó pé ọmọ ọdún méjì láìsọ̀rọ̀. Àwọn mìíràn ní adití ni, nítorí kì í dáhùn bí a bá pè é. Síbẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá ya ọ̀rá bisikíìtì nínú yàrá kejì, yóò sáré débẹ̀.

Etí rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò nílé ìwòsàn. Ó ń gbọ́ ketekete. Ẹ̀gbọ́n mi wá ń retí kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí ó lè fi ótísìmù hàn. Ọ̀nà tí ọpọlọ ọmọ gbà ń dàgbà ni ótísìmù, wíwò àti ìbéèrè ni a sì fi ń mọ̀ ọ́n. Dókítà jókòó, ó ń wo bí ọmọ náà ṣe ń to ìdérí ìgò ní ìlà gbọọrọ láìgbójú sókè. Ó bi ìyá rẹ̀ pé, "Ǹjẹ́ ó máa ń nàka sí nǹkan kí ẹ lè bá a wò ó?" Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ 20 ni ó wà nínú ìwé ìbéèrè M-CHAT-R, fún àwọn ọmọ oṣù 16 sí 30. Ìwé náà kì í dájọ́. Ọmọ tí ó yẹ kí a túbọ̀ yẹ̀ wò ni ó ń tọ́ka sí. Kí dókítà tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀, ó gbọ́dọ̀ rí ohun méjì tí ó ti wà láti kékeré: ìnira nínú bíbá ènìyàn sọ̀rọ̀ àti bíbá wọn ṣe pọ̀, àti ìwà àṣetúnṣe tàbí ìfẹ́ àfẹ́jù sí ohun kan.

Nígbà tí èsì jáde, ìyá wa bèèrè pé, "Ta ni ó ṣe é? Àbí abẹ́rẹ́ àjẹsára ni?"

Ẹ̀gbọ́n mi dáhùn pé, "Kì í ṣe ọwọ́ ẹnikẹ́ni, Màámi. Kì í sì í ṣe abẹ́rẹ́."

Òtítọ́ ni ó sọ. The Lancet, ìwé ìròyìn ìṣègùn tí ó gbé ìwádìí tí ó dá ẹ̀rù abẹ́rẹ́ náà sílẹ̀ jáde ní 1998, ti fagi lé e ní 2010.

Ọmọ náà ti pé ọmọ ọdún mẹ́rin báyìí. Ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ kò tíì pọ̀, ṣùgbọ́n bí òǹgbẹ bá ń gbẹ ẹ́, yóò mú àwòrán ife wá fún wa. Igbe tí ó máa ń ké nígbà tí a kò mọ ohun tí ó fẹ́ ti dínkù púpọ̀. Ẹ̀yin tí ọmọ yín kì í dáhùn sí orúkọ rẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí "ọkùnrin máa ń pẹ́ sọ̀rọ̀" dá yín dúró. Ẹ tètè gbé e lọ fún àyẹ̀wò, nítorí inú àkókò tí ó yẹ kí a fi kọ́ ọmọ ni a ti ń yọ ọjọ́ tí a fi ń dúró.