Ìyàwó Tuntun Inú Bàálù Akẹ́rù

Nínú agbo ilé Yorùbá, a kì í fi ọjọ́ orí ka ipò ìyàwó. Ọjọ́ tó fi ẹsẹ̀ kan ilé ọkọ ni a ń kà. Obìnrin ẹni ogójì ọdún tí wọ́n gbé wọlé lónìí, àbúrò ló jẹ́ fún ọmọ ogún ọdún tí wọ́n gbé wọlé lánàá. Kódà ọmọ ọwọ́ tí wọ́n bí sí ilé náà kí ìyàwó tó dé, ọkọ ló jẹ́ fún un. Kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀ gan-an, àfi kó wá orúkọ àpọ́nlé kan fún un. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ òde òní ti ka àṣà yìí sí ohun àtijọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti rí irú rẹ̀ tó ṣì ń fi agbára ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ fún yín: láàárín àwọn tó ń wa bàálù akẹ́rù ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Àbúrò ìyàwó mi kan ló là mí lójú sí i. Ó ti wa bàálù kéékèèké fún ọdún mélòó kan níbẹ̀ kí ilé-iṣẹ́ akẹ́rù ńlá kan tó gbà á síṣẹ́. Nígbà tó pè mí láti sọ ìròyìn ayọ̀ náà, mo bi í léèrè irú bàálù tí wọ́n fún un láti máa wà. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọn kì í fún èèyàn ní bàálù. Nọ́ńbà ni wọ́n ń fún èèyàn. Nọ́ńbà yẹn ni yóò wá sọ ìyókù."

Bó ṣe rí nìyí. Lọ́jọ́ tí ìdálẹ́kọ̀ọ́ àwọn tuntun bá bẹ̀rẹ̀, orúkọ olúkúlùkù yóò wọ inú ìwé kan tó to gbogbo awakọ̀ ilé-iṣẹ́ náà láti orí ẹni tó ti pẹ́ jù lọ dé orí ẹni tó dé kẹ́yìn. Àwọn tó bá wọlé lọ́jọ́ kan náà ńkọ́? Ní ilé-iṣẹ́ kan, ọjọ́ orí ni wọ́n fi ń tò wọ́n; ní òmíràn, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba fún oníkálukú ni wọ́n ń wò. Níbi tí àbúrò mi wà, ọjọ́ orí ni. Ọkùnrin kan fi oṣù mẹ́ta péré jù ú lọ, ìyẹn sì bọ́ síwájú rẹ̀. Oṣù mẹ́ta yẹn yóò wà láàárín àwọn méjèèjì títí wọn yóò fi fẹ̀yìn tì, tàbí títí ọ̀kan nínú wọn yóò fi kúrò níbẹ̀. Nínú kíláàsì yẹn kan náà, ọkùnrin kan wà tó ti wa bàálù ológun fún nǹkan bí ogún ọdún. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n gbà síṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú tirẹ̀, tí wọn kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ìyálé ni wọ́n jẹ́ fún un.

Nọ́ńbà yìí ló ń pín ohun gbogbo. Òun ló ń sọ irú bàálù tí èèyàn yóò wà, ìlú tí yóò jẹ́ ibùdó rẹ̀, bóyá àga apá òsì tí ọ̀gá awakọ̀ ń jókòó sí ni yóò bọ́ sí tàbí àga apá ọ̀tún ti igbákejì, ọ̀nà tí yóò máa fò lóṣooṣù, ọ̀sẹ̀ tí yóò gba ìsinmi, àti bóyá yóò bá àwọn ọmọ rẹ̀ jẹun lọ́jọ́ Kérésìmesì. Lóṣooṣù, ilé-iṣẹ́ yóò kó gbogbo iṣẹ́ sílẹ̀ bí ẹran àríyá. Ẹni tó wà lókè yóò mú tirẹ̀, ẹni tó tẹ̀ lé e yóò mú, títí yóò fi kan ẹni tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Onítọ̀hún kì í yan nǹkan kan, nítorí ẹyọ kan ló kù sínú abọ́. Ẹlòmíràn kì í tilẹ̀ rí ọ̀nà kan pàtó mú. Ṣe ni yóò máa dúró de ìpè, kó gbé fóònù sétí, kó sì ṣetán láti dìde nígbàkígbà tí ẹnìkan bá ṣàìsàn tàbí tí ojú ọjọ́ bá da ètò rú.

Bẹ́ẹ̀ náà ni pípín bàálù. Bí àyè bá ṣí sílẹ̀ lórí irú bàálù kan, àwọn tó ti wà nínú ilé ni yóò kọ́kọ́ du ú. Èyí tí wọ́n bá kọ̀ ni yóò balẹ̀ síwájú àwọn tuntun. Èmi rò pé bàálù tó tóbi jù lọ ni gbogbo èèyàn yóò máa sáré tọ̀, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ní UPS, irú bàálù kò yí owó ọ̀yà padà: ẹni tó ń wa Boeing 757 àti ẹni tó ń wa Boeing 747, iye kan náà ni wọ́n ń gbà bí ọdún wọn àti àga wọn bá dọ́gba. Ní FedEx, bàálù ńlá ń san ju kékeré lọ. Ṣùgbọ́n níbi méjèèjì, ìgbé ayé tí bàálù kọ̀ọ̀kan ń mú wá ni àwọn àgbà máa ń wò dáadáa. Bàálù ńlá a máa gbé èèyàn ré kọjá òkun fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, títí ara kò fi ní mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru mọ́. Àwọn bíi 757 àti Airbus A300 kì í sábà lọ jìnnà bẹ́ẹ̀, àmọ́ òru ni púpọ̀ nínú iṣẹ́ wọn.

Òru yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ mi. Nígbà tí FedEx bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Memphis lọ́jọ́ 17 oṣù kẹrin ọdún 1973, bàálù 14 ló fi gbé ẹrù 186 lọ sí ìlú 25. Iye bàálù àti iye ẹrù ti yí padà pátápátá láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n ọgbọ́n tó wà nídìí rẹ̀ kò yí padà. Lálẹ́, bàálù yóò gbéra láti ìlú gbogbo, wọn yóò sì wọ́ wá sí ojúkò kan ṣoṣo: Memphis fún FedEx, Louisville fún UPS. Ní nǹkan bí ọ̀gànjọ́ òru, wọn yóò máa balẹ̀ tẹ̀léra tẹ̀léra. Wọn yóò já ẹrù, wọn yóò ṣà á, wọn yóò sì tún un dì sínú bàálù tí yóò gbé e lọ síbi tó yẹ. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n tún ti gbéra. Láàárín wákàtí tí wọ́n fi ń ṣa ẹrù, awakọ̀ lè lọ fẹ̀yìn lélẹ̀ nínú yàrá oorun tó wà níbẹ̀, kó tó di pé wọ́n jí i láti wa bàálù rẹ̀ ní àkókò tí ara ọmọ ènìyàn ń wá oorun jù lọ. Bó bá wá dé ilé ìtura láàárọ̀, yóò di aṣọ fèrèsé pa, yóò sì gbìyànjú láti sùn nígbà tí àwọn tó ń tún yàrá ṣe ń kan ilẹ̀kùn káàkiri.

Kì í ṣe pé àgbà kì í fò lóru o. Àwọn kan tilẹ̀ wà tó fẹ́ràn rẹ̀, nítorí pé ọ̀sẹ̀ kan iṣẹ́ lè fún wọn ní ọ̀sẹ̀ kan ilé. Ṣùgbọ́n àgbà ló yàn án. Ọmọdé kò yàn án. Ẹ fi kún un pé púpọ̀ nínú àwọn tuntun kò gbé ní ìlú tí ibùdó wọn wà. Àbúrò mi ń ti ìlú kan wá sí òmíràn, lórí àga àfikún tó wà lẹ́yìn àwọn awakọ̀ nínú bàálù ẹlòmíràn, kí iṣẹ́ tirẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Òun àti àwọn márùn-ún jọ háyà ilé kan nítòsí pápákọ̀ òfurufú, ibùsùn olókè-àti-ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń sùn. Ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀, ọdún ìdánwò ni: wọ́n lè dá a dúró láìsí pé ẹgbẹ́ awakọ̀ lè jà fún un bí wọ́n ṣe ń jà fún àwọn àgbà.

Síbẹ̀, mi ò ní bá ẹni tó ń bú ètò nọ́ńbà yìí dá sí i. Mo ti ṣe iṣẹ́ oníwèé ìròyìn fún ọdún pípẹ́. Ní ilé-iṣẹ́ kan tí mo ti ṣiṣẹ́, kò sí ìwé kankan tí wọ́n fi ń pín iṣẹ́. Ojú ọ̀gá ni ìwé. Ẹni tí ojú ọ̀gá bá rọ̀ sí ni yóò bá gómìnà rìnrìn àjò. Ẹni tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń lọ kí ọ̀gá nílé lọ́jọ́ Àìkú ni yóò máa ṣe àìsùn ní ilé ìtẹ̀wé. Mo ṣe àìsùn níbẹ̀ ju bó ti yẹ lọ, mi ò sì rí ẹni fẹjọ́ sùn, nítorí kò sí òfin tí ẹnikẹ́ni rú. Àbúrò mi mọ̀ pé bí ẹni mẹ́wàá tó wà lókè òun bá fẹ̀yìn tì, òun yóò gòkè ní ìgbésẹ̀ mẹ́wàá, yálà ọ̀gá fẹ́ràn òun tàbí kò fẹ́ràn òun. Ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Gbèsè rẹ̀ nìkan ni pé kò ṣeé gbé kúrò: bí ọkùnrin ẹni àádọ́ta ọdún bá fi ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ lọ sí òmíràn, ìdí ìwé ló ti máa bẹ̀rẹ̀, bí obìnrin tó kọ ọkọ tó tún lọ di ìyàwó tuntun nílé ẹlòmíràn.

Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kò dín ìyà kù. Pípín ló ń pín in. Bí òru bá ti wà láti fò, ẹnìkan gbọ́dọ̀ fò ó. Òfin ìjọba nìkan ló lè sọ pé òru náà kò gbọdọ̀ ré kọjá ibì kan, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti já àwọn akẹ́rù kulẹ̀.

Ní ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 2009, bàálù akérò ilé-iṣẹ́ Colgan Air já nítòsí Buffalo, ènìyàn 50 sì kú. Àárẹ̀ awakọ̀ di ọ̀rọ̀ tí gbogbo Amẹ́ríkà ń sọ. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe òfin ní ọdún 2010, wọ́n sì ní kí FAA, àjọ tó ń ṣàkóso ìrìnnà òfurufú, tún ìlànà ìsinmi ṣe. Ìlànà náà jáde ní oṣù kejìlá ọdún 2011, ó sì fìdí múlẹ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù kìíní ọdún 2014: wákàtí 10 ìsinmi kí awakọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tí àyè oorun wákàtí 8 tí ẹnikẹ́ni kò dí lọ́wọ́ yóò wà nínú rẹ̀, àti gbèdéke wákàtí iṣẹ́ tó ń kúrú sí i fún ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ lóru. Ìlànà tó dára. Àmọ́ wọ́n yọ àwọn akẹ́rù kúrò nínú rẹ̀. Àlàyé tí FAA ṣe ni pé owó tí yóò ná àwọn ilé-iṣẹ́ akẹ́rù pọ̀ ju àǹfààní tí yóò ti ibẹ̀ wá lọ. Àwọn awakọ̀ akẹ́rù bá ṣẹ́ kù sábẹ́ ìlànà àtijọ́, èyí tó lè jẹ́ kí iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo gùn tó wákàtí 16. Àdéhùn tí ẹgbẹ́ awakọ̀ bá ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe lè dín in kù. Òfin kò dín in kù. Àwọn tí òru jẹ́ iṣẹ́ wọn gan-an ni òfin òru kò kàn.

Kí ìlànà náà tó fìdí múlẹ̀ ni bàálù A300 ti UPS já ní Birmingham, ìpínlẹ̀ Alabama, kí ilẹ̀ ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2013 tó mọ́. Louisville ló ti ń bọ̀. Àwọn awakọ̀ méjèèjì kú. Ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ nínú bàálù fi hàn pé kí wọ́n tó gbéra, ọ̀rọ̀ ìlànà ìsinmi yìí gan-an ni àwọn méjèèjì ń sọ, tí wọ́n ń sọ pé ó yẹ kó kan àwọn náà. Òtítọ́ kò gbọdọ̀ sọnù o: NTSB tó ṣèwádìí sọ pé bí wọ́n ṣe ń bá ìbalẹ̀ tí kò dúró dáadáa lọ ló fa ìjàǹbá náà, ó sì sọ pé àárẹ̀ igbákejì awakọ̀, tó jẹ́ obìnrin, wà lára ohun tó dá kún un, nítorí pé kò lo àkókò ìsinmi rẹ̀ bó ti yẹ. Mo ka ibẹ̀ léraléra. Ẹni tí wọ́n ní kó máa sùn lọ́sàn-án lónìí, lóru lọ́la, kí ni lílo àkókò bó ti yẹ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀? Ẹgbẹ́ awakọ̀ UPS gbé FAA lọ sí ilé-ẹjọ́ nítorí yíyọ tí wọ́n yọ wọ́n. Ní ọdún 2016, ilé-ẹjọ́ dá FAA láre. Àwọn aṣòfin kan ti gbé àbá wá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láti fi akẹ́rù àti akérò sábẹ́ ìlànà kan náà, orúkọ rẹ̀ ni Safe Skies Act, ṣùgbọ́n orí pápá ló ń kú sí.

Àbúrò mi kò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ òfin mọ́. Bí ìwé àgbà yóò ṣe máa rìn ló ń wò. Ní ọdún 2007, wọ́n sún ọjọ́ ìfẹ̀yìntì awakọ̀ láti ẹni ọdún 60 sí 65, gbogbo àwọn tó wà nísàlẹ̀ sì dúró sójú kan fún ọdún márùn-ún. Nígbà tí àwọn kan tún fẹ́ sún un sí 67, tí òfin ọdún 2024 jáde tí kò sí nínú rẹ̀, ó pè mí, inú rẹ̀ dùn bí ẹni pé wọ́n jẹ́ ẹ ní owó. Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan míì wà tí nọ́ńbà kò lè dá dúró. Ní òpin oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, FedEx pàdánù iṣẹ́ lẹ́tà ìjọba sọ́wọ́ UPS, bẹ́ẹ̀ ọ̀sán ni púpọ̀ nínú iṣẹ́ yẹn. Ní ọjọ́ 4 oṣù kọkànlá ọdún 2025, bàálù MD-11 ti UPS já bó ṣe ń gbéra ní Louisville. Awakọ̀ mẹ́ta tó wà nínú rẹ̀ kú, àwọn ènìyàn tó wà nílẹ̀ náà kú, gbogbo MD-11 sì dúró lórí ilẹ̀. Ẹni tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ bàálù kan ní àkọ́yé lè jí lọ́jọ́ kan kí bàálù náà má sí mọ́, kó tún padà sí kíláàsì láti kọ́ òmíràn.

Níbi tí òun wà, wọn kò tíì gba ẹlòmíràn síṣẹ́ lẹ́yìn kíláàsì tó tẹ̀ lé tirẹ̀. Èèyàn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú ìwé kò pọ̀, bí iṣẹ́ bá sì dín kù, láti ìdí ìwé ni wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá èèyàn dúró. Ọ̀nà ọ̀sán ló kọ sókè pátápátá nínú ohun tó du fún oṣù kejìlá. Ó ní òun mọ̀ pé kò lè kan òun. Ó ti sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ọjọ́ 27 ni kí wọ́n pa ẹran Kérésìmesì.