Lẹ́tà sí Màmá lórí Ọ̀rọ̀ Ìyàwó Wa

Màmá mi,

  

Kúnlé pè mí lọ́jọ́ Àìkú. Ó ní ìyàwó òun tún fẹ́ lóyún lẹ́yìn abisínwín tó mú un nígbà tó bí Tolú, ọ̀rọ̀ náà sì ti di àríyànjiyàn nílé. Ó ní ẹ̀yin ní kò gbọdọ̀ bímọ mọ́ láéláé, Àǹtí Rísí sì ní ara rẹ̀ ti yá tán, kó da oògùn nù, kó máa bímọ rẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sùúrù gbọ́ tèmi. Ẹ mọ̀ pé àwọn ìyá tí abisínwín mú là ń tọ́jú ní wọ́ọ̀dù wa níbí, tọmọtọmọ la sì ń gbà wọ́n wọlé.

Lóòótọ́ ni ara rẹ̀ yá. Púpọ̀ jù lọ nínú àwọn tí àìsàn yìí bá mú ló ń gbádùn padà pátápátá. Ṣùgbọ́n ẹ rántí bó ṣe lọ. Ìsínwín náà fúnra rẹ̀ kò pé oṣù 3 tó fi rọlẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni ìbànújẹ́ wọlé, tí kò lè dá aṣọ ọmọ fọ̀, tí àwọn kan ń pè é ní ọ̀lẹ. Kì í ṣe ọ̀lẹ rárá. Bí àìsàn náà ṣe ń rìn nìyẹn. Ó lè gba oṣù 6 sí ọdún 1 kí ojú ìyá tó wálẹ̀ dáadáa.

Bí ẹni tí ó ti mú rí bá tún bímọ, bíi ìdá kan nínú mẹ́ta wọn, tàbí kó tó ìdajì, ló tún máa ń mú. Ọ̀pọ̀ ló sì tún máa ń kì mọ́lẹ̀ nígbà tí kò sí oyún, tí kò sí ìkókó nílé. Ìdí nìyí tí mi ò fi fara mọ́ dída oògùn nù. Bí aláìsàn bá ṣíwọ́ lílo oògùn bíi lithium lójijì, ó lè mú àìsàn náà padà wá kíákíá.

Màmá, mi ò sì fara mọ́ tiyín pé kó má bímọ mọ́. Òun àti Kúnlé ló ni ìpinnu yẹn. Bí wọ́n bá ní Tolú nìkan tó, ó dára. Bí wọ́n bá tún fẹ́, kí àwọn méjèèjì kọ́kọ́ lọ rí dókítà ní ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Aro kí oyún tó dúró. Oògùn wà tí aboyún lè lò, èyí tó lè ba ọmọ inú jẹ́ sì wà, bíi valproate. Dókítà ni yóò yà wọ́n sọ́tọ̀, tí yóò sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

Ọ̀sẹ̀ 2 àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbímọ ló léwu jù, ibẹ̀ gan-an sì ni ìkómọ bọ́ sí. Ẹ rántí ti Tolú: agbo àlejò, gbohùngbohùn títí ilẹ̀ fi mọ́, ìyá ìkókó ò fojú kan oorun. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ ká sọ ọmọ lórúkọ láàárín ara wa. Àsè lè dúró. Kí ẹ̀yin gba ọmọ lóru, kí ìyá rẹ̀ sùn. Oorun yẹn ṣe pàtàkì ju aṣọ ẹbí lọ.

Bí ọmọ bá sùn tí òun ò lè sùn, bí ọ̀rọ̀ bá ń yára jáde lẹ́nu rẹ̀, tó ń fura sí gbogbo yín, tàbí tó ní ọmọ náà kì í ṣe tòun, ẹ má dúró de ilẹ̀ mímọ́. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lóru náà, ẹ máa gbàdúrà nínú mọ́tò. Ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ, nítorí ó lè ṣe ara rẹ̀ tàbí ọmọ náà léṣe. Kí ẹnikẹ́ni má dè é, kí wọ́n má nà án, kí wọ́n má mú un gbààwẹ̀. Èpè kọ́, ọwọ́ ayé kọ́. Nínú ìyá 1,000 tó bá bímọ, 1 tàbí 2 ló ń mú, níbí àti lọ́dọ̀ yín.

Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo, oníṣègùn ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Aro ní 1954, ó ní kí ẹbí aláìsàn bá a wá, kí wọ́n jọ máa gbé ní àwọn abúlé àyíká, kí wọ́n máa dáná fún un. Ó rí i pé ẹbí wà lára ìwòsàn. Ẹ̀yin náà ṣe é nígbà tí ẹ ń gbé oúnjẹ lọ fún ìyàwó wa lójoojúmọ́, mo sì mọ̀ pé ẹ ó tún ṣe é.

Ọ̀rọ̀ pé kí Kúnlé fẹ́ ìyàwó kejì tí mo ń gbọ́, ẹ bá mi pa á mọ́ wọn lẹ́nu. Ìyàwó wa kò ṣẹ̀ wá.

Owó oògùn oṣù yìí ti wọ àpò Kúnlé. Ẹ jẹ́ kó pè mí lọ́jọ́ Sátidé nígbà tí ìyàwó wa bá wà nítòsí, mo fẹ́ gbọ́ ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń fẹ́.

Ọmọ yín,
Fọlákẹ́