Ta Ni Ọmọ Èkó?

Ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Òwe yìí ló sọ sí mi lọ́kàn lọ́jọ́ tí mo lọ gba ìwé ẹ̀rí pé ọmọ Ìpínlẹ̀ Èkó ni mí, kí n lè tọrọ owó ìrànwọ́ fún ẹ̀kọ́ mi. Akọ̀wé tó gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ mi béèrè ibi tí wọ́n bí bàbá mi sí. Mo ní Bàrígà ni. “Bàbá bàbá rẹ ńkọ́?” Mo ní Ìjẹ̀bú-Igbó ni, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́fà ni wọ́n nígbà tí wọ́n dé Bàrígà. Ó rẹ́rìn-ín, ó dá fọ́ọ̀mù padà fún mi. “Ìjẹ̀bú ni ọ́. Àlejò ni yín níbí.”

Ẹ̀yin òǹkàwé mi ọ̀wọ́n, inú bí mi. Ilé tí wọ́n bí bàbá mi sí ni wọ́n bí èmi náà sí. Ṣómólú ni bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé títí di òní. Mo délé, mo ro ẹjọ́ mi fún Bàbá àgbà. Wọn kò dá mi lóhùn. Wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n gbé àpótí pákó kan jáde, wọ́n sì yọ ìwé owó orí tí bàbá wọn gbà ní 1957. Wọ́n ní kí n kà á. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni mo bá lórí rẹ̀; n kò rí orúkọ Èkó níbẹ̀ rárá.

Ọ̀rọ̀ náà ní ìtàn. Ní 1851 ni àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, tí wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́, tí wọ́n sì dá Akítóyè padà sórí oyè. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ, 1861, wọ́n fipá mú Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tó fi èbúté àti erékùṣù Èkó lé ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Wọ́n so Èkó pọ̀ mọ́ Gúúsù Nàìjíríà ní 1906. Ní 1914 ó di olú-ìlú gbogbo Nàìjíríà. Nígbà tó di 1954, wọ́n gé ìlú Èkó kúrò lára Ìwọ̀-Oòrùn, ó bọ́ sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Ṣùgbọ́n ààlà náà kò dé Ṣómólú àti Bàrígà. Ẹni tó bá ti Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta wá síbẹ̀ ti jáde ní Èkó, ó ti bọ́ sábẹ́ ìjọba Ìbàdàn.

Bàbá àgbà ní, “Nígbà tí bàbá mi kó wa láti Ìjẹ̀bú-Igbó wá síbí ní 1956, ìjọba tí wọ́n ń san owó orí fún lọ́hùn-ún náà ni wọ́n ń san án fún níbí. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1955 ni mo bá níbí. Òun náà ni ǹ bá kà ní Ìjẹ̀bú.”

Ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún, 1967, ni nǹkan yí padà. Ìjọba Gowon pín Nàìjíríà sí ìpínlẹ̀ 12. Wọ́n fa Ìkẹjà, Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì mọ́ Èkó, wọ́n fi dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, Mobọ́lájí Johnson sì ni gómìnà àkọ́kọ́. Ṣómólú àti Bàrígà bá wọn lọ. Ìjẹ̀bú ṣẹ́kù sí Ìwọ̀-Oòrùn. Ní 1976 ó di ara Ìpínlẹ̀ Ògùn. Bí bàbá ńlá mi ṣe di àlejò lórí ìjókòó nìyẹn.

“Ilé wa kò kúrò lójú kan,” ni Bàbá àgbà wí. “Ààlà ló ń rìn.”

N kò sọ pé ilẹ̀ yìí kò ní onílẹ̀ o. Àwọn Àwórì ti wà níbí kí òyìnbó tó dé, ọwọ́ onílẹ̀ ni bàbá ńlá mi sì ti fi owó ra ilẹ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo CMS Grammar School, ilé-ẹ̀kọ́ girama àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Erékùṣù Èkó ni wọ́n dá a sílẹ̀ sí ní 1859. Bàrígà ló wà lónìí. N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní àlejò.

N kò rí owó ìrànwọ́ náà gbà. Bàbá mi fi iṣẹ́ òru kún ti ọ̀sán ní Ṣómólú, wọ́n sì san owó ilé-ẹ̀kọ́ mi. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, púpọ̀ nínú wa ni yóò jókòó sídìí tábìlì ìjọba lọ́la, tí yóò máa gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ọmọ ẹlòmíràn. Bí ọmọ náà bá dúró níwájú yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ wo ilé rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó sọ ọ́ lórúkọ.