Ọkọ̀ Ọdún Wo Ni Kí N Rà?

Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń tu owó jọ díẹ̀díẹ̀ nítorí ọkọ̀ kan ṣoṣo. Ìyàwó mi mọ̀ sí i, ìdí nìyẹn tí mo fi lè sọ ọ́ ní gbangba. Chevrolet Corvette ni ọkọ̀ náà. Ìlú Bowling Green ní ìpínlẹ̀ Kentucky ni wọ́n ti ń ṣe é, kò sì jìnnà sí ibi tí àwa méjèèjì fi ṣe ilé ní Amẹ́ríkà. Owó náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó. Ìbéèrè kan ló kù: ọkọ̀ ọdún wo ni kí n rà?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó mú ọkọ̀ yìí yàtọ̀. Láti ọdún 1953 tí Corvette ti dé, iwájú awakọ̀ ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ máa ń wà, bí ó ti rí nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí à ń wọ̀. Ti ọdún 2020 ni wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì sí ẹ̀yìn ìjókòó. Ẹni tó bá mọ Volkswagen tí à ń pè ní ìjàpá nílé yóò ní, “Ṣebí ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì tiẹ̀ náà wà?” Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ti ìjàpá kọjá táyà ẹ̀yìn, ti Corvette wà láàárín táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn. Nítorí pé ẹrù tó wúwo jù wà nítòsí àárín, ọkọ̀ náà a máa tètè ṣẹ́rí bí awakọ̀ bá yí ìdarí rẹ̀, táyà ẹ̀yìn a sì di ilẹ̀ mú ṣinṣin. Zora Arkus-Duntov, ẹnjiníà tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ lórí Corvette, ti ń jà fún irú ètò yìí kí n tó dáyé. Ó kú ní ọdún 1996 láì rí i kí wọ́n tà á fún ará ìlú.

Láti ìgbà náà ni ọdún ti ń mú tirẹ̀ wá. Ti 2020, tí wọ́n ń pè ní Stingray, ní ẹ́ńjìnnì lítà 6.2, agbára rẹ̀ sì lè tó ti ẹṣin 495. Ní 2023 ni Z06 dé pẹ̀lú agbára ẹṣin 670. Ní 2024, E-Ray fi iná mànàmáná yí táyà iwájú. Ní 2025, ZR1 kọjá ẹgbẹ̀rún: 1,064. Ti 2026 gbé ZR1X dé orí 1,250, wọ́n sì tún inú ọkọ̀ náà ṣe: wọ́n yọ ọ̀wọ́ bọ́tìnnì gígùn tó pààlà sáàárín awakọ̀ àti ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì to sikirínì mẹ́ta síwájú awakọ̀.

Bí mo bá ti ń sọ pé owó mi tó, ọkọ̀ tuntun a ti sọ ti àná di arúgbó lójú àwọn ọ̀rẹ́ mi. “Ní sùúrù di ọdún tó ń bọ̀,” ni ọ̀rọ̀ ẹnu wọn. Bẹ́ẹ̀, ẹ́ńjìnnì Stingray tí wọ́n gbé jáde ní 2020 náà ló wà nínú Stingray ti 2026.

Ìyàwó mi lóyún báyìí. Àkọ́bí wa ń bọ̀ lọ́nà. Ìjókòó méjì péré ni Corvette ní, nítorí náà ọkọ̀ tí a fi ń lọ sọ́jà ni ọmọ yóò máa wọ̀. Kò ní kí n má rà á. Ó gbọ́ gbogbo ìṣirò mi tán, ó wá bi mí pé, “Ọkọ mi, nínú gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀ yìí, èwo ni yóò mú yín padà wálé láyọ̀?”

Ìbéèrè yẹn ló mú kí n tún àkọsílẹ̀ ọdọọdún kà. Mo rí ìlà kan tí kò sí ẹni tó ń pariwo rẹ̀. Láti 2024, gbogbo Corvette ló ń ní ètò tó máa ń kìlọ̀ fún awakọ̀ bí ọkọ̀ bá fẹ́ kọlu ohun tó wà níwájú, tó sì lè tẹ bíréèkì fúnra rẹ̀ bí ẹsẹ̀ awakọ̀ kò bá tètè dé e. Kò fi agbára ẹṣin kan kún ọkọ̀. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó fẹ́ di bàbá, òun ló ṣe kókó jù nínú gbogbo àyípadà náà.

A ti fẹnu kò. Stingray ti 2024 ni n ó rà, àlòkù tí kò tíì rin ìrìn púpọ̀. Iye tí ti tuntun ìbá fi lé e ni a ó fi ṣí àpò owó fún ọmọ. Ṣe bí o ti mọ, ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ì báà ṣe ọkọ̀ tàbí fóònù ni ẹ ń lépa, àwọn tó ń ṣe é kò ní ṣíwọ́ àtúnṣe. Iṣẹ́ wọn ni. Kí a tó ka iye ohun tó yí padà, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè èwo nínú rẹ̀ ló kan ìgbésí ayé wa àti ti àwọn tó ń dúró dè wá nílé. Ọdún tí ìyẹn dé ni ọdún tiwa.