Irin Bàbá Mi àti Pákó Ìgé-ẹ̀fọ́

Wẹ́dà ni bàbá mi. Ṣọ́ọ̀bù wọn wà ní Challenge, irin ni wọ́n sì fi ń bọ́ wa. Nígbà tí mo sọ fún wọn pé àwa SS2 fẹ́ ṣe róbọ́ọ̀tì tó máa bá ti àwọn SS3 jà, wọn ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Wọ́n fa irin pẹlẹbẹ kan yọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mìlímítà 2 ló nípọn. "Gbà, èyí ni kí ẹ fi ṣe ẹ̀wù rẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa lè dá a lu." Inú mi dùn gan-an.

Ibi ìwọ̀n ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Òfin àwọn tó ń ṣe eré yìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì la yá: ní ìpele tí wọ́n ń pè ní beetleweight, róbọ́ọ̀tì kò gbọdọ̀ ju kílò 1.5 lọ, t'òun ti bátìrì, táyà àti ohun ìjà. Àpótí tiwa fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 20, ó gùn ní 20, ó ga ní 6. Mo ṣe ìṣirò ẹ̀. Tí a bá fi irin bàbá mi bo gbogbo ara rẹ̀, irin nìkan á wọn kílò 2! Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, bóyá mo ṣì í. N ò ṣì í.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ wí i fún wọn? Ọjọ́ mẹ́rin ni mi ò fi sọ nǹkan kan nílé.

Láàárín ìgbà yẹn, a tọrọ àjákù pásípẹ́ẹ̀sì lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe síáìnbọ́ọ̀dù ní Ring Road. A tún wá pánù. Ọ̀rẹ́ mi obìnrin kan wá gbé pákó funfun tí màmá rẹ̀ fi ń gé ẹ̀fọ́ dé, àwọn onírọ́bà yẹn. A rẹ́rìn-ín títí. Ṣé ọbẹ̀ la fẹ́ sè ni?

A fi òòlù dán wọn wò. Pásípẹ́ẹ̀sì fọ́ yángá lẹ́ẹ̀kan náà. Pánù ò fọ́, ṣùgbọ́n ó tẹ̀ wọnú, ó lọ há mọ́ táyà, táyà ò yí mọ́. (Èyí gan-an ló burú jù, torí róbọ́ọ̀tì tí ò lè rìn ti kú nìyẹn.) Pákó ìgé-ẹ̀fọ́ ńkọ́? Òòlù ta padà! Àpá funfun kékeré ló kù lára rẹ̀. Irú rọ́bà tí wọ́n fi ń ṣe kẹ́ẹ̀gì ni, HDPE lorúkọ rẹ̀. Ó fúyẹ́ débi pé ó ń léfòó lórí omi, irin sì wúwo jù ú lọ ní bí ìlọ́po mẹ́jọ. Èyí tó nípọn ní mìlímítà 6, ìyẹn ìlọ́po mẹ́ta irin bàbá mi, tí a bá fi bo gbogbo àpótí náà, gíráàmù 730 péré ni.

Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo ẹ̀. Bàbá mi ò fèsì. Wọ́n gbé òòlù tiwọn, ìyẹn tó tóbi, wọ́n lù ú lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n yí i padà, wọ́n wo abẹ́ rẹ̀.

"Níbo ni wọ́n ti ń ta nǹkan yìí?"

Mo ní Dùgbẹ̀.

Wọ́n tún bi mí pé kí ni àwọn SS3 máa fi jà. Mo ní irin mímú tó ń yí bíi fáànù. Wọ́n mi orí. "Ìyẹn á gé rọ́bà yín bí ẹran." Wọ́n bá gé irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, sẹ̀ǹtímítà 20 sí 5, wọ́n ní kí a kàn án mọ́ iwájú, ibi tí ìjà ti máa ń kọ́kọ́ dé. Gíráàmù 157 ló ṣáfikún. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ wá di 1,462. Ó wọlé!

Ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ la máa jà, nínú họ́ọ̀lù, lẹ́yìn agogo ìkẹyìn. Bàbá mi ní àwọn máa ti ṣọ́ọ̀bù wá. Màmá ọ̀rẹ́ mi náà ń bọ̀, ṣùgbọ́n pákó wọn ni wọ́n ń bọ̀ wá béèrè.